Kí Ló Pa Ọkọ̀? Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wádìí Ọkọ̀ Tó Kú Lójú Ọ̀nà

"Kí ló pa á?" Ó ṣòro kí ènìyàn rìnrìn àjò déédéé ní ilẹ̀ Yorùbá kó má gbọ́ ìbéèrè yìí rí. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, kò sí ariwo, kò sí èéfín. Lójijì, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, sítíárín le koko mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ sì rọra yí lọ títí ó fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ kò jí. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan ní epo ló tán, ẹlòmíràn ní bátìrì ni, ẹnì kẹta ní kí wọ́n ṣáà tì í. Gbogbo wọn ló ní ìdáhùn, kò sì sí ẹni tó tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó pa ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí òpìtàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Àmì tó fi sílẹ̀ nìkan ló kù: òórùn epo, wáyà tó gbóná, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó wà lẹ́yìn sítíárín. Òpìtàn a máa béèrè pé kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ta ló wà níbẹ̀, èwo ló dá wa lójú, èwo ló sì jẹ́ àbá lásán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mẹkáníìkì gidi ń ṣe. Ìdí tí mo fi yan ìtàn yìí nìyẹn. Láti ọdún 1888 títí di òní, irinṣẹ́ ti yí padà léraléra, ṣùgbọ́n ibi yòówù tí a bá ti pa ìbéèrè tì tí a gbá ìdáhùn mú, owó ni a ń pàdánù. Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ni.

Ilẹ̀ Jámánì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1886, Karl Benz, tó ń gbé ní ìlú Mannheim, kọ̀wé sí ìjọba láti gba ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó fi ẹ́ńjìnnì rìn. Ọkọ̀ náà ń rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ó lè rin ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, ìyàwó rẹ̀, Bertha Benz, kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjì, Eugen àti Richard, ó sì wa ọkọ̀ náà láti Mannheim lọ sí ìlú Pforzheim, ìrìn àjò tó tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Kò sọ fún baálé rẹ̀ kó tó gbéra.

Kò sí mẹkáníìkì lójú ọ̀nà yẹn, nítorí pé iṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì délé ayé. Kò sí ilé epo pẹ̀lú. Ilé ìtajà oògùn kan ní ìlú Wiesloch ni ìyá yìí ti ra ohun tó dà sí ọkọ̀. Nígbà tí epo kò dé ẹ́ńjìnnì mọ́, ó rí i pé ìdọ̀tí ló dí ọ̀pá tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Ó yọ abẹ́rẹ́ gígùn tó fi di fìlà mọ́ irun, ó sì fi gún ojú ọ̀pá náà títí ó fi là. Nígbà tí ara wáyà iná bó, tí iná kò sì dé ibi tó yẹ kó dé mọ́, ó bọ́ rọ́bà tó fi ń di ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó fi í wé wáyà náà. Nígbà tí bíréèkì jẹ, ó ní kí oníbàtà kan lójú ọ̀nà bá òun kan awọ mọ́ ọn. Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó dé Pforzheim, ṣùgbọ́n wọ́n dé.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń yin ìgboyà rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ń wo nǹkan mìíràn. Kò fi rọ́bà ìbọ̀sẹ̀ wé ọ̀pá epo, kò sì fi abẹ́rẹ́ fìlà gún wáyà iná. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan, ó ti mọ̀ bóyá epo ló kọ̀ tàbí iná. Ẹni àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn náà ni ẹni àkọ́kọ́ tó wádìí ohun tó ṣe ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Kí ìtàn tó kù lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1876, ọmọ Jámánì mìíràn, Nikolaus Otto, ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ìpele mẹ́rin, ìlànà yẹn sì ni ọkọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù ń tẹ̀ lé títí dòní. Písítìn á fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀, púlọ́ọ̀gì á ṣá iná sí i, iná náà á ti písítìn padà pẹ̀lú agbára, èéfín á sì jáde. Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì fi ń wà láàyè: epo tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, ìfúnpọ̀, àti iná tó ṣẹ́ ní àsìkò. Bí ọkọ̀ bá kú lórí eré, tí sítátà sì ń yí ẹ́ńjìnnì ṣùgbọ́n tí kò jí, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló ti kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni láti mọ èyí tó kúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a tó lè béèrè ohun tó lé e lọ.

Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí ọkọ̀. Awakọ̀ á ki irin ńlá kan bọ ẹ́ńjìnnì níwájú, á máa fi agbára yí i, irin náà sì lè ta padà kó ṣẹ́ ènìyàn lápá. Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Charles Kettering, ló ṣe ẹ̀rọ tí iná bátìrì fi ń jí ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912. Òun kan náà ló tún ọ̀nà tí iná bátìrì ń gbà dé púlọ́ọ̀gì ṣe, pẹ̀lú kóìlì àti ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kọ́ńtáàtì.

Irin kékeré méjì ni kọ́ńtáàtì, tí wọ́n ń fẹnu kanra, tí wọ́n sì ń yà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá yà, kóìlì á sọ iná kékeré tó ti ara bátìrì wá di iná ńlá tó lè fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo irin méjì tó ń kanra tó ń yà ní irú eré bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ẹnu wọn máa ń jó. Bí ẹnu kọ́ńtáàtì bá ti jó jù, tàbí tí kóìlì bá gbóná kọjá ààlà, ọkọ̀ á kú.

Ọkọ̀ dé ilẹ̀ wa nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣì ń gbèrú. Ní ọdún 1906 ni ìjọba amúnisìn ṣí ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ní Èkó, W. A. Dawodu, ọmọ ìlú náà, ń ta ọkọ̀, ó sì ń tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, Salami Agbaje di ọlọ́kọ̀ ńlá tí lọ́rì rẹ̀ ń kó ẹrù káàkiri. Lẹ́yìn wọn ni àwọn bọlẹkájà oníkáà pákó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò àti kòkó láti oko dé ìlú. Ibi tí ọkọ̀ bá wà, ọkọ̀ á kú níbẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń jí i.

Ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti kọ́ ọ. Kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ní ètò ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ àti agbẹ́gilére: ọmọ á lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, á jíṣẹ́, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, títí ọdún tí wọ́n dá fún un á fi pé, tí wọ́n á sì ṣe ayẹyẹ ìgbòmìnira fún un. Ètò yìí kan náà ni àwọn mẹkáníìkì mú lò. Ògún tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń bọ di Ògún àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì pẹ̀lú, nítorí irin ni irin ń jẹ́.

Èdè wa náà ṣe nǹkan kan tó yẹ ká fiyè sí. Ó yá orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, bíi kabúrétọ̀, púlọ́ọ̀gì àti kóìlì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tiwa la fi ń sọ ọ́. Ọkọ̀ ń jí, ọkọ̀ ń kú, ọkọ̀ ń mu epo, ẹ́ńjìnnì ń mí. Yorùbá ka ọkọ̀ mọ́ ohun ẹlẹ́mìí. Bí ohun ẹlẹ́mìí bá sì ṣàìsàn, a kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú egbòogi. Ìbéèrè la fi ń bẹ̀rẹ̀: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ibo ló ń dùn ẹ́?

Ọdún 1975 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Láìpẹ́, Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá kún títì. Nítorí pé irú kan náà ló pọ̀ káàkiri, ohun tí mẹkáníìkì kan bá mọ̀ ní Abẹ́òkúta wúlò ní Ilọrin, ó sì wúlò ní Àkúrẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Mẹkáníìkì, kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Mo ti bi í léèrè rí pé kí ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ nípa ọkọ̀ tó kú lórí eré. Ó ní ọ̀gá òun kì í jẹ́ kí òun ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí òun tó bi awakọ̀ ní ìbéèrè kan: "Ṣé ó kọ́kọ́ ń jẹ́ẹ̀kì kó tó kú, àbí ẹ̀ẹ̀kan náà ló kú bí ìgbà tí wọ́n pa iná?" Bí ọkọ̀ bá ń fà tó ń dúró, tó ń fà tó ń dúró, kó tó kú, epo ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí, nítorí epo kì í sábà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá kú fíì bí àtùpà tí atẹ́gùn pa, ọ̀dọ̀ iná ni wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin, ẹnì kan á yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á sì wò ó bóyá iná ń fò, bóyá ó dúdú bí aró tàbí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ó tún sọ ti ọkọ̀ tó ń kú nínú oòrùn ọ̀sán. Bí ooru bá pọ̀ jù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, epo inú pọ́ńpù á hó, á di ooru, pọ́ńpù kò sì ní rí nǹkan fà. Àwọn awakọ̀ ìgbà náà máa ń rẹ aṣọ sínú omi, wọ́n á fi wé pọ́ńpù, wọ́n á sì dúró díẹ̀. Nígbà tó bá tutù, ọkọ̀ á jí. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á rò pé idán ni. Àyẹ̀wò ni, ìwòsàn sì tún ni: bí omi tútù bá jí i, ooru ló pa á.

Gbogbo ìmọ̀ yìí, orí àti etí ló wà. Kò sí ìwé. Agbára rẹ̀ nìyẹn, nítorí ọmọ tí kò kàwé lè gbà á. Àìlera rẹ̀ náà nìyẹn, nítorí ìgbà tí ọkọ̀ yí padà, ohun tí a kọ́ sórí nípa ọkọ̀ àtijọ́ kò sọ fún wa pé ọkọ̀ ti yí padà.

Ohun tó yí ọkọ̀ padà kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wá. Èéfín ọkọ̀ ti bo ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà débi pé ojú ń ta àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin líle lórí afẹ́fẹ́ mímọ́. Kabúrétọ̀ kò lè wọn epo dáadáa tó láti tẹ́ òfin náà lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì sì ti gbé ẹ̀rọ kan jáde láti ọdún 1967, èyí tó ń fi iná wọn epo sínú ẹ́ńjìnnì, Volkswagen ló sì kọ́kọ́ lò ó. Díẹ̀díẹ̀, kọ́ńtáàtì lọ, kabúrétọ̀ lọ, kọ̀ǹpútà kékeré kan sì jókòó sínú ọkọ̀ tó ń pàṣẹ fún epo àti iná. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní ọpọlọ ọkọ̀. Láti inú ọkọ̀ ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò kan náà tí ènìyàn lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀, kí nọ́ńbà tí ọkọ̀ fi ń sọ àìsàn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa náà ní ìtàn. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 tó sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì lè rà. Tòkunbọ̀ ló gba ipò rẹ̀, tó ń gba èbúté Èkó wọlé, tó sì ń gba Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Àwọn mẹkáníìkì tó mọ 504 bí ẹni mọ ọwọ́ ara rẹ̀ bá ara wọn níwájú ọkọ̀ tí kò ní kọ́ńtáàtì, tí pọ́ńpù rẹ̀ wà nínú táńkì epo, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà sì ń lọ sínú àpótí kan tí a kò lè tú. Àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ kan tiẹ̀ di ewu. Láyé 504, ẹlòmíràn á yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó lè mọ̀ bóyá àlítánétọ̀ ń gbé iná wá. Lára ọkọ̀ kọ̀ǹpútà, àṣà yẹn lè mú iná fò sókè kó sì ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́.

Ibí ni àṣà burúkú kan ti wọlé: kí a máa pààrọ̀ títí ọkọ̀ á fi jí. Wọ́n á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò jí. Wọ́n á pààrọ̀ pọ́ńpù, kò jí. Ẹni tó ni ọkọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín ọgbà mẹkáníìkì àti Ládípọ̀ ní Èkó, tàbí Àràrọmí ní Gate, n'Ìbàdàn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Owó ọjà ìyálé, owó ilé ìwé ọmọ, owó tí bàbá fi pamọ́, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀nà yìí ń gbé mì.

Mo wà ní ọgbà Bàbá Mẹkáníìkì nígbà ìsinmi kan tí obìnrin oníṣòwò kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Bí ọkọ̀ náà bá ti gbóná, á kú lórí eré. Bó bá sinmi fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, á jí. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ pọ́ńpù àti púlọ́ọ̀gì níbòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́, tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ki ẹ̀rọ náà bọ ọkọ̀, ó sì rí nọ́ńbà P0335. Nọ́ńbà yìí ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí ọpọlọ kò bá gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ yìí, á gbà pé ẹ́ńjìnnì ti dúró. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sì ní fún ẹ́ńjìnnì ní epo tàbí iná mọ́.

Ọmọọṣẹ́ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ti sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ wá."

Bàbá Mẹkáníìkì dáhùn pé, "Ibi tó ń dùn ún ló sọ. Kò tíì sọ ohun tó ń dùn ún. Tẹ̀ lé wáyà náà ná."

Wọ́n tẹ̀ lé wáyà láti ara sẹ́ńsọ̀ títí dé ibi tó ti fara kan irin èéfín. Ooru ti yọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún wáyà náà ṣe, wọ́n so ó jìnnà sí irin, wọ́n sì wa ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn títí ó fi gbóná dáadáa. Kò kú. Ọmọọṣẹ́ ló mọ ẹ̀rọ, ọ̀gá ló mọ ìbéèrè, ọkọ̀ náà sì nílò àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé nọ́ńbà inú ẹ̀rọ dà bí ìwé àtijọ́ tí òpìtàn rí nínú àpótí: ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á gbọ́.

Ìwé náà tilẹ̀ lè purọ́. Ìtàn tó fi èyí hàn jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2010, obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Georgia gbé ọkọ̀ Chevrolet Cobalt rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lórí eré. Ọ̀nà epo ni wọ́n fọ̀ fún un, wọ́n sì dá ọkọ̀ padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú nínú ìjàm̀bá lórí ọkọ̀ náà. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ pe ẹjọ́, agbẹjọ́rò wọn gba onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti yẹ ọkọ̀ náà wò. Ojú ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ni ẹjọ́ wà. Ohun tó yẹ kó di kọ́kọ́rọ́ mú níbẹ̀ kò lágbára tó. Bí ìdè kọ́kọ́rọ́ bá wúwo tàbí tí orúnkún bá kàn án, kọ́kọ́rọ́ lè yí kúrò láyè rẹ̀ lórí eré. Ẹ́ńjìnnì á kú, sítíárín á le, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo ènìyàn kò sì ní ṣí bí ọkọ̀ bá forí sọ.

Onímọ̀ ẹ̀rọ yìí ra irú ohun èlò náà tuntun láti fi wé ti àtijọ́. Nọ́ńbà ara àwọn méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n inú wọn kò dọ́gba. General Motors ti tún un ṣe ní ọdún 2006 láìpààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo ìwé nìkan kò lè mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ náà tó pe nǹkan bí mílíọ̀nù 2.6 ọkọ̀ padà fún àtúnṣe. Àjọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti san owó ìtánràn fún àwọn tó fara gbá a gbà pé ènìyàn 124 ló kú nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó sọ ìtàn yìí di ẹ̀kọ́ fún wa. Ọkọ̀ kú lórí eré, wọ́n fọ epo, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tó yẹ. Nígbà tí ẹnì kan wá béèrè, ohun tó jẹ́ kó rí òtítọ́ ni pé ó fi ti àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí. Iṣẹ́ òpìtàn pátápátá nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ kí ìmọ̀ yìí wúlò fún àwa náà, mo rò pé ìlànà rẹ̀ kò le. Bí ọkọ̀ bá kú lórí eré, kí awakọ̀ má ṣe yọ kọ́kọ́rọ́. Kí ó di sítíárín mú ṣinṣin, nítorí ó ṣì ń yí bó tilẹ̀ le. Kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dáadáa dípò kó máa tẹ̀ ẹ́ lóòrèkóòrè, kí ó tan iná ìkìlọ̀, kí ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí gbogbo èrò bá ti kúrò nínú ewu ni ìbéèrè kàn. Ṣé sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì? Bí kò bá yí i, bátìrì, orí bátìrì àti sítátà ni a ó wò. Bó bá ń yí i, ṣé ó ń yí bó ṣe máa ń yí, àbí ó fúyẹ́, tó ń sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Bó bá fúyẹ́, bẹ́líìtì táìmíńgì lè ti já, kí a má sì fi dandan jí i. Nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ìdajì, ṣé a gbọ́ kí pọ́ńpù epo kùn díẹ̀ nínú táńkì? Ṣé àmì kọ́kọ́rọ́ ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ẹni pé ọkọ̀ kò dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀? Ṣé fíúsì kan ti jó? Bó bá tutù, ṣé ó jí? Kò sí èyí tó ń gba owó nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tó bá sì kó ìdáhùn wọn dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ mi kù díẹ̀. A ti sọ iṣẹ́ mẹkáníìkì di iṣẹ́ ọmọ tí kò yege ìdánwò. Àmọ́ ẹni tó ń wádìí ọkọ̀ òde òní gbọ́dọ̀ kàwé, kó mọ ìṣirò, kó mọ bí iná ṣe ń rìn, kó sì ní sùúrù láti béèrè kó tó dáhùn. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ físíìsì àti ìtàn ni iṣẹ́ yìí ń wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá sì ní àgbà mẹkáníìkì ní àdúgbò, ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, nítorí abéèrè kì í ṣìnà.

Ohun kan wà tí ilé kọ̀ọ̀kan tó ní ọkọ̀ lè ṣe láti ọ̀la. Kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ kan sínú ọkọ̀ náà. Kí wọ́n máa kọ ọjọ́ sí i, ohun tí wọ́n pààrọ̀, ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀, àti iye tó jẹ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà, kí wọ́n kọ bó ṣe kú: bóyá ó gbóná, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá ó jẹ́ẹ̀kì, bóyá epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí mẹkáníìkì bá wá béèrè pé kí ló pa á, kí wọ́n gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dábàá ohunkóhun.